Ibo ni ìlà ààlà Arctic gbà ní Iceland?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òmù-Àrán. Mò ń ya máàpù Arctic, agbègbè olótùútù tó yí ìpẹ̀kun àríwá ayé ká, sára ògiri kíláàsì: mo kan ìṣó síbi ìpẹ̀kun àríwá, mo so okùn mọ́ ọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí òbìrìkítí ìwọ̀n 66½. Iceland bọ́ síta, àfi etí erékùṣù Grímsey. Ni ọmọ kan bá ní ibi tí oṣù Júláì kì í ti í móoru tó 10°C ni ààlà gidi, ó sì jàre. Mo yẹ átílásì wò: ìlà 10°C náà wọ́, ó gòkè lápá Norway nítorí omi òkun lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Labrador ní Canada. Ṣùgbọ́n yíǹkì ti ṣí níbi Iceland gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìlà 10°C yìí la Iceland kọjá ni, àbí òkè rẹ̀ ló gbà?