Ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lẹ́yìn òtútù Houston

Ìyá Ewúro: Ẹ ǹlẹ́ o. Òtútù oṣù kejì ọdún 2021 yìí ba ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi jẹ́ gan-an. Ewúro ti gbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ti rà, ó ń rùn, igi ọsàn sì ti wọ́wé tán. Màmá mi ló gbin ewúro yẹn nígbà tí wọ́n wá kí wa, kò wù mí kí n hú u rárá. Kí ni kí n gé, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Àgbẹ̀ Katy: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má hú ewúro o! Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àwọ̀ ewé, ó ṣì wà láàyè níbẹ̀. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Bó tilẹ̀ kú délẹ̀, gbòǹgbò lè tún rú. Tèmi ti ń rú báyìí, àràárọ̀ ni mò ń lọ wò ó. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé ibi tó rà títí ẹ ó fi kan ibi tó funfun tó sì le. Ọmọ á yọ nídìí rẹ̀, àmọ́ mi ò rò pé yóò so lọ́dún yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọsàn ni kí ẹ ṣọ́ dáadáa. Igi méjì tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, ọsàn lókè, igi mìíràn nísàlẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń tà fún wa níbí. Bí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún bá yọ lábẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n, tí ewé rẹ̀ pín sí mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ọsàn yín. Ẹ gé e.

Ìyá Ewúro: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ha ewúro náà, àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀! Ọ̀la ni màá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀.