Kí ni mo lè fi rọ́pò búrẹ́dì Agége ní òwúrọ̀?

Ìbéèrè, láti Sùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi búrẹ́dì Agége jẹ ẹ̀wà àgányìn kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dín kabọháídíréètì kù. Kí ni mo lè jẹ tí ebi kò fi ní tètè pa mí?

Èsì, láti Múṣin:
Ẹ má fi ẹ̀wà sílẹ̀ o, búrẹ́dì ni kí ẹ yọ kúrò. Nínú gíráàmù 100 búrẹ́dì funfun, kabọháídíréètì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 50, nígbà tí ti ẹ̀wà sísè jẹ́ nǹkan bíi 20, ó sì ní purotéènì tí ó máa ń mú kí ènìyàn yó pẹ́. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò gba òróró bí àkàrà.

Èsì, láti Ìsàlẹ̀ Èkó:
Òótọ́ ni. Ẹ má kàn fi gaàrí tàbí ògì rọ́pò búrẹ́dì, nítorí kabọháídíréètì ló pọ̀ jù nínú àwọn náà. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. N kì í lo oògùn kankan. Mọ́ínmọ́ín ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.