Ṣé kí n bi àbúrò mi ni, àbí kí n dúró dè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi tó wà ní Manchester fi máńgà kan (ìwé ìtàn aláwòrán ti Japan) ránṣẹ́ sí mi, The Bride Was a Boy. Chii, ará Japan, ló fi àwòrán sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin ni wọ́n kà á sí nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n obìnrin ló mọ ara rẹ̀ sí. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un àti bó ṣe relé ọkọ. Òfin Japan ti ọdún 2003 ló fún un láyè láti yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba padà láti ọkùnrin sí obìnrin, àmọ́ òfin yẹn ní kéèyàn pàdánù agbára ìbímọ ná. Ó dùn mí gan-an. Ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó fagi lé apá yẹn.

Àbúrò mi ò sọ ìdí tó fi fi í ránṣẹ́, ó kàn ní kí n kà á tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣé kí n bi í bóyá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, àbí kí n sọ bí ìwé náà ṣe rí lára mi, kó wá sọ tiẹ̀ nígbà tó bá wù ú? Mi ò tíì sọ fún màmá wa o. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yín, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?