Ọlọ́pàá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kíláàsì. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Àkànjí Wàńdò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin wa níbí. Ọ̀rọ̀ yìí gbóná lọ́wọ́ mi, mi ò ní fà á gùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, 3ème ló wà, kíláàsì kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ra fóònù àlòkù kan lọ́jà Wàńdò, 20.000 fáráńkì. Kò gba rìsíìtì, kò gba páálí. Àṣé fóònù olè ni. Láàárọ̀ òní, bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́, ọlọ́pàá méjì wọlé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n mú un lọ lójú gbogbo kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà Párákù ló wà. A pè é, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn síbẹ̀, ojú ẹ̀ á là." Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ilé ìwé ní òun ò fẹ́ rí i mọ́ títí àwọn òbí rẹ̀ á fi wá, BEPC, ìdánwò àṣejáde 3ème, sì ti dé tán. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, yálà ẹ̀yin fúnra yín tàbí ọmọ yín? Kí ni àwọn ará ilé ṣe?

Bàbá Kàmọ́rù
Kí ni ọmọ 3ème ń fi fóònù ṣe?

Ìyá Táyé
Ẹ dá ìyẹn sí ná, bàbá. Ṣé ọmọ náà ti jẹun?

Àkànjí Wàńdò
Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín lọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọmọ Kétu Kan
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà yẹn jandáàmù ṣì wà, wọn ò tíì pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ṣe ní 2018. Ìyá mi ń ta kpayo, epo fàyàwọ́, lẹ́bàá títì. Ẹ mọ bí ọ̀dọ̀ wa ṣe rí, Ìlárá kò jìnnà, Nàìjíríà ló wà lápá kejì, ìgò epo sì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé. Ọjọ́ kan ìyá mi lọ síbi òkú, èmi ni mo jókòó ti ọjà, aṣọ kaki wà lọ́rùn mi nítorí mo ní kíláàsì lọ́sàn-án. Wọ́n dé, wọ́n kó jẹ́ríkánì, wọ́n kó èmi náà mọ́ ọn.

Ọ̀gá wọn wo aṣọ mi, ó ní kíláàsì wo ni mo wà. Mo ní 4ème. Ó ní kí n ka "vendre", ìyẹn "tà" ní Faransé, ní passé simple, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n, epo ń rùn lára mi. Ó ní, "Wò ó, olóríburúkú, o mọ̀wé tó báyìí, o wá ń ta kpayo!" Ó gbá mi létí, ó ní kí wọ́n pe bàbá mi.

Bàbá mi kò dá wá. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání àti àgbà kan ládùúgbò. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n tú mi sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Epo kò padà o. A délé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Ìpàdé ìdílé ni wọ́n pè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò ó. Ó ní kí n tún un rò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ìyá mi, wọ́n ní ta ló ní kó fi ọmọ ilé ìwé ti epo. Ó sàn kí wọ́n nà mí lọ́jọ́ yẹn ju kí n rí ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ lọ.

Zémi Àjàṣẹ́
Irọ́ ni! Jandáàmù wo ló mọ passé simple?

Ọmọ Kétu Kan
Fofo, bí ẹ̀yin bá mọ̀ ọ́n, ẹ kà á síbí.

Zémi Àjàṣẹ́
Je vendis, tu vendis, il vendit. Ẹ máa wò mí bí ẹni tó ń gun alùpùpù lásán.

Olóyè Epo
Ẹ má bú kpayo níwájú mi o. Kpayo ló sanwó ilé ìwé àwa mẹ́fà.

Ọmọ Kétu Kan
Ta ló bú u? Kó sanwó ilé ìwé yín náà dáa. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, èrè wo ló tún kù níbẹ̀?

Olóyè Epo
Èrè wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Àkànjí, ẹ sáré lọ mú ọmọ yẹn jáde kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ní ilé tiwa, ọlọ́pàá kọ́ ló wá mú ẹnikẹ́ni. Bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú àbúrò mi lọ.

Bàbá ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Owó kan sọnù nínú àpò tó wà lábẹ́ ibùsùn. Àbúrò mi nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún 14. Bàbá ní kó jẹ́wọ́, ó ní òun ò mú un. Bàbá ní ó dáa. Ó wọ agbádá, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù bí ẹni tó ń lọ kírun Jímọ̀. Ó ní ọlọ́pàá kan tó mọ̀ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà dẹ́rù bà á díẹ̀. Inú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n tì í mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, bàbá lọ mú un. Ojúlùmọ̀ rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó bá níbẹ̀ ní ẹjọ́ ti wọ ìwé, bàbá sì ti fọwọ́ sí i lálẹ́ àná, olè ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ procureur, agbẹjọ́rò ìjọba. Bàbá mi tó mú ọmọ wá ló tún ń sáré kiri láti fa ẹjọ́ ara rẹ̀ padà. Ó ń bẹ akọ̀wé, ó ń bẹ agbẹjọ́rò. Owó tó ná ju èyí tó sọnù lọ. Èyí tó sọnù yẹn, títí dòní a ò mọ ẹni tó mú un.

Àbúrò mi ti dàgbà, Kùtọ̀nú ló wà, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá wa lórí MoMo. Bí bàbá bá gba fóònù pé kí òun kí i, á ní òun ò gbọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ìyá Táyé
Háà. Àbíkẹ́, pẹ̀lẹ́ o.

Bàbá Kàmọ́rù
Kí ni ẹ fẹ́ kí bàbá ṣe? Ọmọ tó ń jalè nílé, ṣé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un ni? Igi ọsàn ni bàbá tèmi so mí mọ́, mo sì di ènìyàn.

Àbíkẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ó jalè?

Zémi Àjàṣẹ́
"Mo sì di ènìyàn" ni bàbá wí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìyàwó wọn.

Bàbá Kàmọ́rù
Ìwọ ọmọ yìí, mo mọ bàbá rẹ.

Zémi Àjàṣẹ́
Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ má tì mí mọ́lé.

Ṣadé Ọlọ́rọ̀
Èmi gbà pẹ̀lú Bàbá Kàmọ́rù díẹ̀. Kí ẹ pariwo mọ́ ọmọ, kí ẹ fi pàṣán tọ́ ọ, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé ọmọ yín fún àjèjì pé kó bá yín nà án, ìyẹn ò yé mi. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe, ta lẹ máa bá jà? A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, àti ọmọ ẹni náà.

Amòfin Lọ́la
Mi ò tíì di agbẹjọ́rò, mo ṣì ń kọ́ ọ ni, ẹ má wá bi mí ní ìwé ẹ̀rí. Òfin ọmọdé wa, ti 2015, ní ọmọ tí kò tíì pé 13 kò ṣeé dá lẹ́bi ọ̀daràn. Láti 13 títí dé 18, wọ́n lè pe ẹjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ adájọ́ àwọn ọmọdé ló ń lọ, bí wọ́n ṣe máa tọ́ ọ sọ́nà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọn ò gbọ́dọ̀ tì í mọ́ àárín àgbàlagbà. Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò Àbíkẹ́ kò bófin mu rárá. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ti oṣù Kejìlá 1990, tún ní wọn ò lè ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìmú un dé iwájú adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àkànjí, ohun tó ká mi lára jù nìyí: kí ìyá rẹ̀ má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kó ní kí wọ́n kà á fún òun, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Ègùn, kó tó mú bírò. Ẹni tó ra ẹrù olè kò jẹ̀bi bí kò bá mọ̀ pé olè ni. Kí ọmọ sọ ibi tó ti rà á, iye tó san, ẹni tó wà níbẹ̀, kó má fi kún un, kó má yọ nínú rẹ̀.

Zémi Àjàṣẹ́
Wákàtí 48 yẹn, ṣé wọ́n ń ka ọjọ́ Àìkú mọ́ ọn? Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀ kí ẹ wá fún wa lésì.

Bàbá Kàmọ́rù
Kò mọ̀ kẹ̀! Fóònù tó tó 80.000 ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tà á fún un ní 20.000, kò sì mọ̀. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Wàńdò
Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ yé fi Wàńdò ṣe ẹlẹ́yà. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù ń fún ènìyàn ní rìsíìtì. Àwọn tó ń dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú fóònù kan lọ́wọ́, tí wọ́n ń wẹ̀yìn wò, àwọn yẹn kì í ṣe ọlọ́jà. Ẹni bá fẹ́ ra àlòkù, kó tẹ *#06#, nọ́ńbà tó jáde kó bá ti ara páálí mu. Kó ya àwòrán káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó tà á. Bí ẹni náà bá ní òun ò ní káàdì, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ṣadé Ọlọ́rọ̀
Ta ló ń béèrè páálí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà lójú títì? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù Wàńdò
Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú yín.

Tísà Àgbà
Mo ti fẹ̀yìn tì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ilé ìwé bá lé, tí òbí rẹ̀ bá jókòó sílé de lẹ́tà, òun ni conseil de discipline, ìgbìmọ̀ tó ń bá ọmọ ilé ìwé wí, máa ń dá lẹ́jọ́ jù. Ẹ má dúró de lẹ́tà. Ẹ lọ kí agogo àárọ̀ tó lù, kí ọmọ wọ kaki tó mọ́, kó gé irun rẹ̀. Kí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, kí ọmọ dákẹ́ títí wọ́n á fi bi í. Bí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún BEPC, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kó sì gba ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí, kó má jẹ́ ọ̀la.

Ìyá Táyé
Ẹ̀yin tísà, irun nìkan lẹ mọ̀. Ọmọbìnrin mi ni wọ́n dá padà sílé nítorí dídì, ọjọ́ ìdánwò! Kí ni irun fẹ́ fi orí ṣe?

Tísà Àgbà
Òfin ilé ìwé ni, màmá. Wọ́n kà á fún yín nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀.

Ìyá Táyé
Ṣé òfin yẹn náà ló ní kí ẹ máa fi rọ́bà nà wọ́n lọ́pàá ẹsẹ̀?

Tísà Àgbà
Èmi kì í nà wọ́n.

Ọmọ Kétu Kan
Ẹ̀yin tísà wo ló máa ń ní "èmi kì í nà wọ́n"? Ta wá ló nà wá nígbà náà?

Amòfin Lọ́la
Òfin 2015 yẹn kan náà ti ka nínà léèwọ̀ nílé ìwé o.

Bàbá Kàmọ́rù
Òfin, òfin. Ẹ wo àwọn ọmọ tí òfin tọ́.

Àkànjí Wàńdò
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ń bọ̀ láti ibẹ̀. A ní kí wọ́n ka ìwé náà, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n kà á, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan ló túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kọ "ó mọ̀ pé ẹrù olè ni" síbẹ̀. A ní rárá, wọ́n yí i padà.

Obìnrin tó ni fóònù wá, onídìrí ni, láti apá Àjárá. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní àwòrán ìsìnkú ìyá òun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ yìí ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó lè ráyè gbé gémù bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ló bú sẹ́kún. Látàárọ̀, omijé kan kò jáde lójú rẹ̀.

Wọ́n fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Yóò bá wọn lọ sí Wàńdò lọ́la láti tọ́ka sí ẹni tó tà á fún un, bí wọ́n bá rí i. Bàbá rẹ̀ pè, ó ní ṣé ó sùn síbẹ̀. Mo ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé wọ́n nà án. Mo ní rárá. Ó ní kí n gbé fóònù fún un. Ọmọ kọ̀.

Ìyá Táyé
Kó gbà á o, Àkànjí. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́ fún bàbá náà.

Àbíkẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kà á fún un, ẹ yọ orúkọ mi kúrò.

Oníṣọ́ọ̀bù Wàńdò
Àwòrán yẹn lè ṣì wà. Bí obìnrin náà bá ń lo Google tẹ́lẹ̀, kó wọlé pẹ̀lú íméèlì rẹ̀ lórí fóònù míì, kó wo Photos. Bí kò bá sí níbẹ̀, kó mú fóònù wá bá mi, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan míì síbẹ̀. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Àkànjí Wàńdò
Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ń pè é báyìí. Ọjọ́ Ajé ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń lọ sílé ìwé.

Bàbá Kàmọ́rù
Kó gé irun rẹ̀.