Èsì echo ọkàn mi 60%, kí ló dé tí wọ́n tún fi ń pe iṣẹ́ abẹ?

Àmọ̀kẹ́, Ìgbógbó: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò rí oorun sùn láti àná. Mo lọ ya àwòrán ọkàn, echo, lọ́jọ́ Ajé. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà ní gáràjì Ìkòròdú, aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó pè mí, dókítà náà ò sì lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ mi. Ó ní fáàfù ọkàn mi kan, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, ti fún, àfi kí wọ́n ṣí i. Bẹ́ẹ̀, mo fojú ara mi rí 60% lórí ìwé náà! Ọmọ tó gba 60 nílé ìwé, ṣé wọ́n máa ń dá a padà sí kíláàsì ni? Ìyá ọkọ mi ti sọ mí di ọ̀lẹ, torí mi ò lè pọn omi kan délé kí n má jókòó sinmi lọ́nà.

Ìyá Ṣèwà: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Àbúrò tèmi náà rèé lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi tí sálúbàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá ọkọ tiẹ̀ náà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Má dá wọn lóhùn.

Bàbá Káyọ̀dé: Àgbo ló máa yanjú ẹ̀. Lọ bá àwọn ìyá eléwé ọmọ ní Sábó.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àgbo kì í la fáàfù. Àmọ̀kẹ́, 60% yẹn ń sọ agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ni, ó sì dáa. Kò sọ nǹkan kan nípa fáàfù. Fáàfù mitral, ọ̀kan lára àwọn fáàfù ọkàn, máa ń fẹ̀ tó 4 sí 6 cm² tó bá pé. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ MVA sí, ìyẹn bí fáàfù mitral yín ṣe fẹ̀ tó, èló ni? Ṣé ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn yín lọ́mọdé, kí oríkèé wá wú? Àìsàn tó ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn lè ba fáàfù jẹ́.

Àmọ̀kẹ́, Ìgbógbó: MVA 1.1. Ọmọ wo ni ọ̀fun kì í dùn? Mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí orúnkún mi wú, ó sún lọ sí ìgbọ̀nwọ́, màmá mi ń fi òrí pa á. Wọ́n ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì lóṣooṣù. Ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí n lè jókòó, mo bá dá a dúró. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, ẹ má bá mi wí.

Alàgbà Ràfíù, Ẹ̀bútẹ́: Ọmọ mi, èmi ti pààrọ̀ tèmi. Fáàfù irin ni. Tí ilé bá dákẹ́ lóru, ìyàwó mi máa ń gbọ́ ọ, kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí aago ọwọ́. Mò ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́, INR mi, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, gbọ́dọ̀ wà láàrin 2.5 sí 3.5. Mo mu àgbo lé e lẹ́ẹ̀kan, èrìgì mi ṣẹ̀jẹ̀ mọ́jú. Ní ti ẹ̀fọ́, mò ń jẹ ẹ́, àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni mò ń jẹ, torí ó lè yí agbára oògùn náà padà.

Bàbá Káyọ̀dé: Àgbo tiyín ló burú, kì í ṣe gbogbo àgbo.

Ìyá Ṣèwà: Ẹ̀yin bàbá méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹni tó ń béèrè.

Nọ́ọ̀sì Bísí: 1.1 ti fún gan-an. Láti 1.5 wá sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á sí èyí tó le. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń la àyà fún o. Wọ́n lè gba iṣan itan ti fèrè kékeré (bàlúùnù) wọlé dé inú ọkàn, kí wọ́n fẹ́ ẹ níbẹ̀ kó fi la fáàfù náà. Ìgbà wo ni èémí yín bẹ̀rẹ̀ sí í ká?

Àmọ̀kẹ́, Ìgbógbó: Mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Dókítà ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Áà, Àmọ̀kẹ́! Ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lára aboyún, ojú tóóró kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ gbà. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ sọ oyún yìí fún wọn kí wọ́n tó kọ oògùn kankan. Ṣé ẹ lè dùbúlẹ̀ gbalaja sùn?

Àmọ̀kẹ́, Ìgbógbó: Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mò ń gbé orí lé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Alẹ́ yìí ni kí ẹ lọ. Ẹ pe ọkọ yín.

Àmọ̀kẹ́, Ìgbógbó: Mo ti pè é, ó ń bọ̀ láti Ṣàgámù. Ìwé echo ti wà nínú báàgì.