Màmá tí mo tọ́jú ní Bronx, sójà ojú omi ni

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin sójà tí ẹ ń sọ.

Nígbà tí mo dé Bronx ní New York, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe lọ́sàn-án, mo ń lọ kíláàsì alẹ́ ní Lehman College. Lọ́jọ́ tí mo dárúkọ ilé ìwé mi fún màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun níṣẹ́ ológun.

Hunter College ló ni ọgbà Lehman yẹn nígbà ogun Hitler. Ní oṣù kejì ọdún 1943, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ológun ojú omi tí wọ́n ń pè ní WAVES. Wọ́n fẹ́ kí obìnrin gba iṣẹ́ orí ilẹ̀, kí ọkùnrin lè ráyè wọkọ̀ lọ sójú ogun. Obìnrin tó lé ní 80,000 ló gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ayálégbé tó wà nítòsí ni wọ́n ní kó kó jáde kí àwọn wọ̀nyí lè rílé sùn. Ẹni tó bá ti wá ilé ní New York rí á mọ ohun tí ojú wọn rí.

Màmá ní àwọn a máa tò lọ sí kíláàsì, àwọn a máa kọrin lọ nínú òtútù. Irun kò gbọdọ̀ kan kọ́là. Tí mo bá ya irun fún un tán, á ki ìka bọ ẹ̀yìn ọrùn wò ó. Bí ó bá kan kọ́là pẹ́nrẹ́n, a ó tú u nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì títẹ́ ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Mo wá bi í pé, àwa dúdú ńkọ́? Ó ní, "Kò sí. Wọn ò gbà wọ́n." Kò fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Inú mi ò dùn sí i, mo bá gba láíbìrì lọ. Ìparí 1944 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin dúdú wọ WAVES. Ní oṣù Kejìlá, Harriet Pickens àti Frances Wills gba oyè ọ̀gá ológun ní Smith College ní Northampton, àwọn obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dọ̀gá nínú WAVES. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Hunter College gan-an ni Wills ti gboyè! Wọ́n ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin wọ ilé ìwé rẹ̀, òun ò sì ríbi wọlé. Nígbà tó dọ̀gá tán, Bronx yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ, ó ń kọ́ wọn ní ìtàn iṣẹ́ ológun ojú omi.

Mo sọ ọ́ fún màmá. Mo ní, "Ká ní ẹ pàdé rẹ̀ lọ́nà ńkọ́, ṣé ẹ máa kí i?"

Ó ní, "Ọ̀gá ni. Mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ o, ọwọ́ mi á dé iwájú orí."