Ọ́kíìdì Darwin mi kọ̀, kò tanná mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín. Mo ní Angraecum sesquipedale kan, èyí tí a ń pè ní ọ́kíìdì Darwin, tí òdòdó rẹ̀ rí bí ìràwọ̀ funfun, tí ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Alẹ́ ni òórùn dídùn rẹ̀ máa ń gba inú ilé kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo gbé e sínú ìkòkò ńlá, mo gé àwọn gbòǹgbò tí ó yọ síta, mo sì fi erùpẹ̀ dúdú bò ó. Láti ìgbà náà kò tanná mọ́, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n. Ṣé ajílẹ̀ ni kò tó ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ajílẹ̀ kún un. Erùpẹ̀ ni ó ń pa á. Ní Madagásíkà tí ó ti wá, orí igi ni ó ń gbé, kò sì dà bí àfòmọ́ tí ń jẹ lára igi. Òjò àti ìrì ni gbòǹgbò rẹ̀ ń mu nínú afẹ́fẹ́. Ẹ kó erùpẹ̀ náà dànù, kí ẹ sì fi èèpo igi tí a gé ní ńláńlá rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́gbà: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, Mà, àfi ti àsìkò. Ọ́kíìdì yìí kórìíra kí a máa tu gbòǹgbò rẹ̀, ó sì lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti tanná fún ọdún mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò tuntun kọ́kọ́ yọ ná.

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn dára bí ìkòkò bá kàn kún ni. Nínú erùpẹ̀ tútù, ìdúró gan-an ni yóò pa á.

Bàbá Àgbà: Ti Ìyá Ìbejì ni mo gbè. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o, kí omi má sì dúró láàárín ewé rẹ̀. Ó yẹ fún sùúrù. Ìdí ìrù yẹn ni omi dídùn rẹ̀ wà, èyí ni Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, fi sọ ní ọdún 1862 pé àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹnu rẹ̀ gùn tó o. Ọdún 1903, ìyẹn ọdún 21 lẹ́yìn ikú Darwin, ni àwọn onímọ̀ tó fún àfòpiná náà lórúkọ.

Olùbéèrè: Mo ṣeun púpọ̀. Mo ti tú u ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ti jẹrà, ṣùgbọ́n márùn-ún ṣì le, ṣóńṣó tuntun sì ti ń yọ lára ọ̀kan nínú wọn.